Ìwé Pélébé Tó Ń Já Fúnra Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, ìyá ìkókó,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọmọ títọ́, mo sì kí ọ kú àìsùn, nítorí mo gbọ́ pé ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oorun. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni, bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn, ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ jí bàbá mi dìde kó bi í. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí ìyá rẹ lọ́tọ̀, mo sì tún kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọlọ́run tó kó yín jọ sínú ilé yẹn á máa ṣọ́ ilẹ̀kùn yín, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, iná ìlú ńlá kò ní jó yín, ọmọ náà á rìn, á sì sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má tètè sọ̀rọ̀ jù, ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹbí yìí ti tó wa. Ṣe àmín.

Èmi náà wà, ara le. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n fọkanáísà tí ẹ̀yìn ò dùn, kí ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀? Iṣẹ́ ń lọ. Táyà àwọn èèyàn ń jò, mo ń lẹ̀ ẹ́. Mi ò lè gbàdúrà pé kí táyà ọmọ aráyé máa jò, mi ò sì lè gbàdúrà pé kó má jò, nítorí náà tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń fo ibẹ̀, Ọlọ́run náà sì máa ń bá mi fo ó.

Ẹrù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà dé ọwọ́ mi. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì, mo rí ọṣẹ, mo wá rí àwọn ìwé pélébé kan tó pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin, tí wọ́n tò léra wọn bí owó tuntun. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo gbọn ọwọ́, kò já. Mo ní háà, ọmọ mi ò gbàgbé ẹ̀yìn mi! Mo pe Tíṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa, pé kó bá mi lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọwọ́ mi ò dé. Ó ní Bàbá, èyí kì í ṣe pílásítà o. Mo ní kó ṣáà lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ mẹ́ta sí i, mo fi sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn mi fúyẹ́. Tíṣà ní kì í ṣe ìwé ló ṣe é. Mo ní kí ló wá ṣe é? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì náà wò.

Òun ló wá rí lẹ́tà tí o tì sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ó kà á sí mi létí pé nítorí ọjọ́ tí mo jáde lọ ra kẹrosíìnì tí mo sì ra ìṣó wálé ni o ṣe fi ìwé náà ránṣẹ́, pé ohunkóhun tó bá ti sọ sí mi lọ́kàn, kí n yára kọ ọ́ kó tó sá lọ, kí n lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú mi á ti máa rí i, àti pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ti parí, ìwé á já. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn o. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún ọ. Òótọ́ ni, láyé ìyá rẹ nínú ilé yìí, mi ò mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé nǹkan. Mo kàn máa ń ju ọ̀rọ̀ sókè ni, ìyá rẹ á hán an. Tí mo bá jókòó tí mo ní ṣúgà, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ṣúgà ti wà nínú agolo. Látìgbà tó ti wá bá ọ gbé ìkókó, mò ń jù ú sókè, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Tíṣà ní fóònù tí o rà fún mi náà ní ibi tí èèyàn lè kọ irú ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Mo kọ kẹrosíìnì sí i. Fóònù wá bi mí bóyá kí òun bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo ní síbo? Tíṣà ní òkè ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú ìkùukùu. Ọmọ mi, kí ni kẹrosíìnì tèmi ń wá lọ sínú ìkùukùu? Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́? Mo pa fóònù, mo mú bírò.

Ìwé yìí dùn mọ́ mi, mi ò ní tàn ọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pọ́ǹpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Mo tiẹ̀ lẹ̀ ọ̀kan mọ́ fìlà mi, mo gbàgbé pé ẹni tó dé fìlà kì í rí fìlà, ṣùgbọ́n kò burú, àwọn oníbàárà ló ń bá mi kà á. Ẹni tó bá ti tẹ̀ síwájú kó gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ní Bàbá, ẹ ní kẹ́ ẹ ra ọṣẹ o. Mo tún kọ ọ́ sára pọ́ǹpù pé kí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ pupa kọ́kọ́ sanwó kó tó sọ̀tàn, nítorí tó bá sọ̀tàn tán, owó á ti kúrò lọ́kàn àwa méjèèjì. Ó dé, ó kà á, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ní báyìí, ó ń sanwó kó tó kí mi.

Ohun tó wá jọ mí lójú jù ni bí ìwé náà ṣe ń já. Mo kọ ọ́ pé kí n kó aṣọ wọlé nítorí òjò. Òjò rọ̀, gbogbo aṣọ tutù jìnnìjìnnì, mo wo ara ilẹ̀kùn, ìwé ti já. Mo ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ aṣọ ti parí. Mo kọ iyọ̀. Tíṣà ra iyọ̀ tirẹ̀, ó bù fún mi láìjẹ́ pé mo tọrọ, mo wọ yàrá, ìwé iyọ̀ ti wà nílẹ̀. Ta ló sọ fún un? Èyí tí mo kọ nípa òrùlé tó ń jò ò já ní tiẹ̀, ó lẹ̀ pinpin, èmi náà sì mọ̀ pé òrùlé ṣì ń jò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí ìwé bá wí gbọ́.

Ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, fara balẹ̀ kà á, má sì kà á sókè létí ìyá rẹ.

Àǹtí rẹ Ojú-Abẹ́rẹ́, aránṣọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, rán oníbúrẹ́dì sí mi. Ó ní wọ́n ní ara wọn ò yá, ẹsẹ̀ kan wú, ara gbóná, wọn ò lè tẹ máṣíìnì, pé kí n bá wọn sọ fún àbúrò wọn kó pe àwọn lórí fóònù, nítorí nọ́ńbà tuntun tí ìyá rẹ gbà lọ́dọ̀ yín ò sí lọ́wọ́ wọn. Gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Mo yára nu ìka méjì, mo kọ ọ́ pé kí n sọ fún ìyá ilé, ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò yá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fóònù máa ń wà. Mo ní tí mo bá gun òkè ilé ìwé, màá pè yín, nítorí ìpè yín máa ń wọlé sí mi nílé, ṣùgbọ́n orí òkè yẹn nìkan ni tèmi ti ń jáde.

Ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ wo dígí kí n fá irùngbọ̀n, mo rí ìwé náà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sàn. O pè mí lọ́jọ́ yẹn kan náà, o rántí? O bi mí pé gbogbo ilé ńkọ́, mo ní àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ lẹ́yìn tó ń bi ọ́ pé ṣé ẹ̀gbọ́n òun náà wà dáadáa, mo ní kó o sọ fún un pé ara wọn le. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohun tí ìwé sọ fún mi ni mo sọ fún ọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí táyà oníbúrẹ́dì tó jò. Bó ṣe ń dúró dè mí, ó bi mí pé ṣé ìyá ilé wa ò sí láyé mọ́ ni. Mo ní kí ló dé? Ó ní Ojú-Abẹ́rẹ́ ti máa ń bi òun lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ pé ṣé òun jíṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn ò bi òun mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. O mọ àǹtí rẹ, ẹni tó ń béèrè nǹkan ni. Tí ẹ bá jẹun lójú wọn, wọ́n á bi yín pé ṣé ó yó yín, tí ẹ bá ní ó yó yín, wọ́n á bi yín pé báwo ló ṣe yó yín. Kí irú wọn má béèrè mọ́! Mo fi túùbù oníbúrẹ́dì sínú omi níbẹ̀, mo lọ.

Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé orí ìdì àkísà aṣọ. Wọ́n ti fi aṣọ bo máṣíìnì bí ìgbà tí èèyàn ń bo ohun tí kò fẹ́ rí mọ́. Ẹsẹ̀ náà wú, awọ rẹ̀ ń dán. Mo kí wọn. Wọ́n ní ṣé mo wá wò ó bóyá àwọn ti kú ni. Wọ́n ní kò burú, kí n sọ fún àbúrò àwọn pé àwọn gbọ́. Wọ́n ní àwọn pọ̀n ọ́n nígbà tí kò sẹ́ni tó máa pọ̀n ọ́n, ìró kan ṣoṣo ni ìyá àwọn fi sílẹ̀, òun ni àwọn méjèèjì jọ ń fi bo ara, àwọn máa ń bò ó mọ́lẹ̀ tán kí àwọn tó ronú ẹsẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní bí iná ìlú ńlá bá ti wọ̀ ọ́ lójú tí kò fi rí àwọn mọ́, kó máa gbádùn iná rẹ̀. Wọn ò pariwo, ọmọ mi. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Ojú wọn gbẹ, wọ́n sì ń wo ara ògiri.

Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò gbọ́ o! Mo ní ìwé ló já. Wọ́n ní ìwé wo? Mo ṣí fìlà, mo fi èyí tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí iyọ̀ ṣe já, bí aṣọ ṣe já, bí òrùlé ṣe kọ̀ tí kò já. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fi ìka tẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé mo ti rí òwú tí àwọn fi máa ń há aṣọ mú kí àwọn tó gbé e sábẹ́ máṣíìnì? Mo ní mo ti rí i. Wọ́n ní ṣé òwú yẹn máa ń mọ̀ pé aṣọ ti parí? Wọ́n ní ẹni tó ń ránṣọ ló ń yọ ọ́, bó bá já fúnra rẹ̀, aṣọ ló ń tú yẹn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Àṣé ohun tí o kọ ni pé kí n já a. Èmi gbọ́ pé á já.

Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn wọn, ó ń gòkè bọ̀, ó mi ẹsẹ̀ náà, wọ́n ké yéè, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ké yéè. Wọ́n ní ṣé àbúrò àwọn ò gbọ́ rárá? Mo ní kò gbọ́ rárá. Wọ́n ní kí n búra. Mo búra. Ìgbà náà ni ẹkún wá jáde. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, mi ò mọ èyí tí mo máa bẹ̀ wọ́n sí nínú ẹ̀rín àti ẹkún.

Mo yá bárò àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, mo fẹ́ táyà rẹ̀ dáadáa, mo tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, mo fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣí agbòòrùn, wọ́n jókòó bí ayaba, wọ́n ń sọ fún mi pé kòtò ń bẹ níwájú lẹ́yìn tí a bá ti kó sínú kòtò tán. Ẹni tí a bá pàdé tí aṣọ rẹ̀ ò bára mu, wọ́n á ní kì í ṣe àwọn ló rán an.

Nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní ta ni ẹni tó sún mọ́ wọn jù. Mo ní èmi ni. Mo dúró tì wọ́n pẹ́kípẹ́kí, apá mi kan wà lẹ́yìn wọn, àfi bárò nìkan ló tún sún mọ́ wọn jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí wọ́n ń béèrè kọ́ nìyẹn, ìbátan ni.  Àǹtí rẹ fọwọ́ tẹ́ ìró wọn títí ó fi tẹ́jú. Wọ́n wá ní kó kọ àbúrò àwọn sí i. Nọ́ọ̀sì béèrè nọ́ńbà, àwọn méjèèjì wo ojú mi, mo kà á fún wọn. Ó ti fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́, àǹtí rẹ gbá a lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní kó má pè é. Wọ́n ní bó bá gbọ́, á ju ìkókó sílẹ̀, á bọ́ sójú ọ̀nà, kò ní béèrè pé mọ́tò wo ló dáa. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ dìde dúró ná. Nígbà tí a délé, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé DÁKẸ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù. Ìdí tí mo fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú nìyẹn nígbà tí o tún pè mí, inú ò bí mi.

Dókítà ní abẹ́rẹ́ ló gún wọn ní gìgísẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀ pé á san fúnra rẹ̀. Ẹ gbà mí, Ojú-Abẹ́rẹ́ tí kò rí abẹ́rẹ́! Ó ní bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ míì ni àwa àti òun ì bá máa sọ nípa ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò lè jẹun tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wọn lóògùn, ìwúlé náà ti lọ sílẹ̀, wọ́n ti ń dìde, wọ́n sì ti ń bú mi.

Ilé wa ni wọ́n wà báyìí, inú yàrá ìyá rẹ, bárò kan náà la fi gbé máṣíìnì wọn wá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń di ògiri mú, wọ́n á máa ka ìwé tí mo lẹ̀ káàkiri, wọ́n á ní èyí, ṣé o ti ṣe é? Bí mo bá ti ṣe é, wọ́n á já a. Bí mi ò bá tíì ṣe é, wọ́n á wò mí títí màá fi dìde. Ti òrùlé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti gun òkè, mo ti sọ̀.

Wọ́n wá rí àwọn kan tí mo lẹ̀ sí ara ògiri níbi tí ìyá rẹ máa ń kọjú sí tó bá sùn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní irú iṣẹ́ wo nìyí? Ọ̀kan ní adìẹ mẹkáníìkì ń tọ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó dúró létí omi, ó ń pariwo pé kí wọ́n jáde. Ọ̀kan ní oníkẹ̀kẹ́ pupa ti fá irun, orí rẹ̀ ò dọ́gba. Ọ̀kan ní mo rí obìnrin kan láti ẹ̀yìn lójú ọ̀nà, mo ṣe bí ìyá ilé ni, mo ti fẹ́ pè é kó tó wẹ̀yìn. Mo ní kì í ṣe iṣẹ́. Mo ní àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àbúrò yín nìyẹn tó bá wà ńlé, wọn ò tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ gun òkè ilé ìwé, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, ojú á ti máa tì mí. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ kan ọ̀kan wò, kò mira. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ò fi já? Mo ní gọ́ọ̀mù túùbù ni mo fi lẹ̀ wọ́n.  Wọ́n kọjá sí ti ọṣẹ.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Jẹ́ kó jẹun tán. Gba ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń rìn, kó o tó sọ pé wọn ò lè rìn nígbà kan. Ọ̀rọ̀ tèmi níbẹ̀, bó o bá lè fò ó, fò ó, bí kò bá ṣeé fò, sọ pé mo ti búra, mo sì ti gun òrùlé. Kó wá pè wọ́n, wọ́n ń dúró, wọ́n ti gbé fóònù mi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu nípa owó, mo mọ̀ pé ìkókó ń náwó bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n oògùn kù tí wọ́n ní ká tún rà, páànù méjì kù lórí òrùlé, ohun tí ọwọ́ rẹ bá sì tó, fi rán dẹ́rẹ́bà, má fi rán fóònù, èmi àti ìkùukùu yẹn ò tíì mọ ara wa. Fi owó aṣọ díẹ̀ kún un. Àǹtí rẹ ṣí máṣíìnì lánàá, àkọ́kọ́ rẹ̀ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n fẹ́ rán bùbá fún ìyá rẹ. Wọ́n bi mí pé ṣé ó sanra sí i lọ́dọ̀ yín ni àbí ó rù. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọkọ wo ni kò mọ̀? Nítorí náà, fi téèpù wọn àyà rẹ̀ àti apá rẹ̀, kó o kọ ọ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí téèpù nílé yín, má yá tẹnikẹ́ni. Fi ara náà sọ́kọ̀ kó máa bọ̀, a máa wọ̀n ọ́n níbí.

Ọlọ́run á fún ìkókó ní oorun, á fún ìwọ náà ní díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí o ń tọ́ á tọ́ ọ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ẹni tó o bá ní lẹ́yìn kò ní kúrò lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
fọkanáísà.